Télé tuntun dé, kúràn ń yára tán, Bàbá sì ní àwòrán àtijọ́ ló dáa jù

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Oṣù tó kọjá ni mo ra télé 55 púùsì, 4K, fún bàbá mi, mo gbé èyí àtijọ́ tó ní ẹ̀yìn gbẹ̀ǹdẹ̀, 21 púùsì, wọ inú yàrá. Láti ìgbà yẹn ni kúràn tá a ń rà sórí kọ́ńtọ̀ SBEE, iléeṣẹ́ iná ilẹ̀ Benin wa níbí, ti ń yára tán, ìyàwó mi ní télé yìí ló ń jẹ ẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé Bàbá ní àwòrán télé àtijọ́ dáa ju ti tuntun lọ. Wọ́n ní ojú èèyàn pọ́n jù, àwòrán ń ṣe yángí yàngì, bọ́ọ̀lù sì ń fa ìrù lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá a. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Ṣé kí n dá a padà?"

Àbúrò mi, o kú ìnáwó, Ọlọ́run á jẹ́ kí Bàbá jẹun ọmọ pẹ́. Má tíì dá a padà. Bí mo ṣe kà á yẹn, mi ò rí ayédèrú kankan níbẹ̀. Nǹkan tí mo rí ni pé Bàbá sọ òótọ́, ìyàwó ẹ náà sọ òótọ́ dé ibì kan, télé náà ò sì lẹ́bi, ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó kó tó kúrò ní bùtíkì ni ò bá ilé yín mu. Láti ọdún 1998 ni mo ti ń tú ẹ̀yìn télé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ yìí, àwọn àgbà tó ti sọ ọ́ fún mi ò lóǹkà, ó sì máa ń dùn mí tí àwọn ọmọ bá ní ojú wọn ló ti ń bà jẹ́. Ojú wọn ò bà jẹ́ rárá.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwòrán tó ń ṣe yángí yàngì yẹn. Télé 4K tó o rà, ojú ẹ̀ ní píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ojú kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán, 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òòró, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 8,294,400. Ó pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló ń wọlé sínú ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí kì í ṣe HD, ìyẹn èyí tí àwòrán ẹ̀ mọ́ gaara, tí dékódà ń gbé wá fún wa, 720 lórí 576 ni, ìyẹn 414,720 péré. Mú fóònù ẹ kó o fi 414,720 pín 8,294,400, ogún ni yóò fún ẹ, kò lé kò dín. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú ogún píksẹ́lì tí Bàbá ń wò, ẹyọ kan ló ti ibi tí wọ́n ti ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́ wá, mọ́kàndínlógún yòókù, télé ló fi làákàyè ara ẹ̀ dí àlàfo wọn. Ó dà bí ìgbà tó o gbé aṣọ mítà kan fún aránṣọ tó o ní kó fi rán agbádá, ó lè fà á kó so ó, àmọ́ ojú ìrán á hàn. Télé àtijọ́ kì í ní wàhálà yìí torí pé kékeré ni, bí àwòrán ṣe wá náà ló ṣe ń gbé e jáde, kò sí pé ó ń nà án.

Ibi tí wọ́n jókòó sí tún wá dá kún un. A ní òṣùwọ̀n kan tí kì í jáni kulẹ̀: tí àwòrán bá jẹ́ irú tí kì í ṣe HD yẹn, jókòó jìnnà tó bí ìlọ́po mẹ́fà gíga ojú télé, tó bá jẹ́ Full HD, ìlọ́po mẹ́ta, tó bá jẹ́ 4K gidi, ìlọ́po kan àtààbọ̀. Gíga ojú télé 55 púùsì jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 68. Ìlọ́po mẹ́fà ẹ̀ ti lé ní mítà mẹ́rin! Mélòó nínú wa ló ní sálọ́ọ̀nù tí àga Bàbá lè jìnnà sí télé tó mítà mẹ́rin? Ti àtijọ́ yẹn, gíga ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 32 lọ, tí wọ́n bá ti jókòó ní mítà méjì, àwòrán á ti jọ̀lọ̀ lójú wọn. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi sọ pé ti àtijọ́ dáa jù, nǹkan kan náà ni wọ́n ń wò láti orí àga kan náà, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di ńlá tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àbùkù ẹ̀ fi hàn síta.

Kí lo máa ṣe? Àkọ́kọ́, wo ẹ̀yìn dékódà, ṣé wáyà olórí mẹ́ta yẹn, pupa, funfun àti yẹ́lò, ni wọ́n fi so ó mọ́ télé? Tó bá jẹ́ òun ni, yọ ọ́ kúrò lónìí, ra wáyà HDMI, ti olówó pọ́ọ́kú tó tó mítà kan àtààbọ̀ á ṣe é, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tí wọ́n ní góòlù wà lórí ẹ̀ fún ẹ ní owó gọbọi. Inú wáyà yẹ́lò yẹn, gbogbo àwọ̀ ni wọ́n rọ́ pọ̀ sójú ọ̀nà kan ṣoṣo, bó o bá ra télé mílíọ̀nù kan, kò lè dáa. Tó o bá ti fi HDMI sí i, wọ inú mẹ́nù dékódà, wá ibi tí wọ́n kọ résolution sí, kó o gbé e sí 1080. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí Bàbá mọ nọ́ḿbà ìkànnì tó jẹ́ HD, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìkànnì kan máa ń wà lójú méjì, HD lọ́tọ̀, lásán lọ́tọ̀, tí àwọn àgbà á sì máa tẹ nọ́ḿbà tó ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Tó o bá sì lè sún àga sẹ́yìn díẹ̀, sún un.

Ti bọ́ọ̀lù tó ń fa ìrù, ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. Nínú télé àtijọ́, ibi tí iná bá kàn lára gíláàsì á tàn yẹ́ẹ́, á sì kú lójú ẹsẹ̀ kí àwòrán tó kàn tó dé, nítorí náà ojú wa á rí bọ́ọ̀lù níhìn-ín, á tún rí i lọ́hùn-ún, mímọ́ gaara. Télé pẹlẹbẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀, àwòrán kan á dúró gbọn-in títí èyí tó kàn á fi wá gbapò ẹ̀, ojú wa sì rèé, ó ti ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ, àwòrán dúró, ojú ń lọ, ohun tó máa yọrí sí ni ìrù yẹn. Àwọn tó ń ṣe télé mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan kan sínú mẹ́nù láti dín in kù, LG ń pè é ní TruMotion, Sony ní Motionflow, àwọn mìíràn á kàn kọ Fluidité. Gbé e sí àárín, má gbé e sókè pátápátá, tó bá ti pọ̀ jù, ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa pòórá lórí koríko. Tí ẹ bá ń wo fíìmù, pa á, nítorí ó máa ń jẹ́ kí fíìmù dà bí ìgbà tí èèyàn fi kámẹ́rà ya ìgbéyàwó.

Ó ku ojú tó pọ́n. Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kúràn fara pamọ́ sí. Tó o bá wọ bùtíkì tí wọ́n ti ń ta télé, yálà ní Kútọnu tàbí lẹ́bàá ọjà Ọ̀wáǹdó níbí, ogún télé ló wà lára ògiri, iná ńlá wà lókè, oòrùn ń wọlé látojú ọ̀nà, gbogbo télé sì ń bára wọn du ojú ẹ. Èyí tó bá tàn jù lo máa nawọ́ sí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà wọ́n ṣe ètò kan sínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mode magasin, ètò yìí á gbé iná ẹ̀yìn ẹ̀ sókè dé góńgó, á fi àwọ̀ kún àwọ̀, á fá etí gbogbo nǹkan kó lè mú bí abẹ. Télé ẹ ti kúrò ní bùtíkì, ó ti dé Kétu, ó ṣì rò pé òun wà lára ògiri yẹn. Mo ti bá télé pàdé nínú ilé tó ti lo ọdún mẹ́ta nínú mode magasin, onílé ní ó kàn ń yà òun lẹ́nu pé tóun bá dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún padà sókè fúnra ẹ̀. Àmì ẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ Paramètres, wá ibi tí wọ́n kọ mode magasin tàbí mode démo tàbí utilisation sí, yí i sí domicile, ìyẹn inú ilé.

Lẹ́yìn náà lọ sí mode d'image. Wàá bá a ní Dynamique tàbí Vif. Mú un kúrò níbẹ̀, gbé e sí Cinéma tàbí Film. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ gbogbo ilé á pariwo pé ó ti ṣókùnkùn, pé ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù títí di alẹ́ ọjọ́ kejì, ojú gba àkókò kó tó mọ́ra. Netteté, ìyẹn bí etí nǹkan ṣe mú tó, wọ́n máa ń fi sí 50, gbé e wálẹ̀ sí 10, ó tiẹ̀ lè jẹ́ òdo, torí pé kò fi kún àwòrán, ìlà funfun tín-ín-rín ló ń fi yí etí gbogbo nǹkan ká, pàápàá lórí ìkànnì tí kì í ṣe HD. Ṣe ló ń gbé ìdọ̀tí síta.

Fún àwọ̀, mo ní ọ̀nà kan tí mo máa ń bá àwọn àgbà lò. Ṣé o ní fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kankan lórí clé tàbí lórí fóònù, irú èyí tí ẹ fi fóònù gidi yà lójú oòrùn ní Kétu lọ́hùn-ún? Fi í sí télé, jẹ́ kí Bàbá jókòó sí àga wọn, kí wọ́n máa sọ, kí ìwọ sì máa tẹ télékọmáǹdì. Bàbá mọ ẹfun, wọ́n mọ osùn, wọ́n mọ aró. Tí ẹfun lójú igi bá ń fà sí búlúù bí aṣọ tí wọ́n fi búlúù fọ̀, ìyẹn ni pé température àwọ̀ wà ní Froid, gbé e lọ sí Chaud títí Bàbá á fi sọ pé ẹfun nìyẹn. Tí osùn bá dà bí ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun mọ́tò, dín couleur kù. Tí aṣọ aró bá ti di dúdú kan lásán tí ẹ ò rí ọnà inú ẹ̀ mọ́, kọ́ńtíráàsì ló ga jù, tàbí luminosité ló lọ sílẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú èèyàn dúdú bíi tiwa, Dynamique kì í ṣe é dáadáa rárá, ibi tí iná bá ojú á máa dán bí òróró, ibi tí iná ò dé á di èédú, ojú tó yẹ kéèyàn rí ìrísí àti ìlà rẹ̀ á wá sọnù. Tó o bá tò ó dáadáa, wàá rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó pupa, ẹni tó dúdú àti ẹni tó wà láàárín. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, torí pé gbogbo ilé tí mo wọ̀ ni mo ti ń rí i, wọ́n á ní télé tó ń tàn bí oòrùn, wọn ò sì rí ojú àwọn èèyàn wọn lórí ẹ̀.

Wò ó bóyá fèrèsé wà ní òdìkejì télé náà. Tí oòrùn bá ń kọ sójú ẹ̀, kò sí bó o ṣe máa tò ó tó máa dáa, gbogbo èèyàn á kàn tún máa gbé ìmọ́lẹ̀ sókè ni. Gbé e síbi tí fèrèsé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni àga Bàbá wà tí wọn ò kọjú sí télé tààrà, ọ̀pọ̀ télé LED ló wà tí àwọ̀ ẹ̀ máa ń ṣí téèyàn bá wò ó látẹ̀gbẹ́, yí télé náà kọjú sí wọn díẹ̀. Àwọn ni wọ́n rà á fún.

Ó yá, kúràn. Télé LED tó wà lọ́wọ́ ẹ, àwọn píksẹ́lì yẹn kì í ṣe iná, fèrèsé ni wọ́n. Iná gidi wà lẹ́yìn wọn, bàrẹ́tì LED tí wọ́n tò kalẹ̀, ó ń tàn gbọ̀ọ̀ nígbà gbogbo, píksẹ́lì ló ń ṣí tàbí kó tì kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá tàbí kó má kọjá. Torí náà nínú ọ̀pọ̀ télé LED olówó níwọ̀nba, tí àwòrán bá dúdú bí òru, iná ẹ̀yìn ṣì ń jẹ kúràn ẹ̀ lọ, o kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Ohun méjì ló ń pinnu iye tó ń jẹ: bí ojú télé ṣe tóbi tó, àti ibi tó o gbé iná ẹ̀yìn sí, èyí tí wọ́n kọ rétroéclairage sí nínú mẹ́nù. 4K náà ń dá kún un díẹ̀, nítorí pé bí fèrèsé bá ti kéré tó sì pọ̀, férémù tó wà láàárín wọn á dínà fún ìmọ́lẹ̀, wọ́n á ní láti tan iná ẹ̀yìn sókè sí i, àmọ́ òun kọ́ ni ọ̀gá wọn.

Jẹ́ kí n fi èyí tó wà lórí tábìlì mi nínú àtẹ́lìyé ṣe àpẹẹrẹ, 55 púùsì 4K bíi tìẹ. Nínú Dynamique, wátímẹ́tà tí mo kì bọ prise ka bíi wátì 140. Mo gbé e sí Cinéma, mo dín rétroéclairage sí nǹkan bí 40 nínú 100, ó wá sílẹ̀ sí 75. Télé kan náà, ìkànnì kan náà. Ká ní ẹ̀ ń tàn án wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 140 yẹn á jẹ 33.6 kWh lóṣù, 75 á jẹ 18. Ká fi 150 fránkì ṣe ìṣirò kWh kan, ìwọ wo tìẹ lórí tíkẹ̀ẹ̀tì tí wọ́n ń fún ẹ tó o bá ra kúràn, ìyẹn 5,040 fránkì sí 2,700. Télé 21 púùsì tó ní ẹ̀yìn gbẹ̀ǹdẹ̀ ńkọ́? Òun náà ń jẹ bíi wátì 70. Ṣé o rí i, télé tí ojú ẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà ti àtijọ́, tó o bá tò ó, ohun kan náà ni wọ́n ń jẹ. Tó ò bá tò ó, ìlọ́po méjì ni. Ibẹ̀ ni ìyàwó ẹ ti sọ òótọ́.

Àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn, tá a bá kà á dáadáa, bíi 2,500 fránkì lóṣù ni. Tí ohun tó ń bá yín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, má gbé gbogbo ẹ̀ ka orí télé tuntun. O sọ nǹkan kan nínú lẹ́tà ẹ tó o yára kọjá lórí ẹ̀: o ní o gbé télé àtijọ́ wọ inú yàrá. Ta ló ń wò ó níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé àwọn ọmọ ti sá wọ yàrá lọ máa wo kàtúùn nígbà tí Bàbá ń wo ìròyìn, tó fi jẹ́ pé télé kan ló wà nílé tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì báyìí? Àti pé láti ìgbà tí télé ńlá dé, ó dájú pé àwọn ará ilé àti ará àdúgbò ń wá wo bọ́ọ̀lù, pàápàá tí Guépards, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Benin, bá ń gbá, wákàtí mẹ́jọ lè ti di mọ́kànlá. Nǹkan tó dáa ni pé kí èèyàn wá sọ́dọ̀ ẹni, mi ò ní kó o lé wọn, mo kàn fẹ́ kó o kà á mọ́ ọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà nínú ilé.

Dékódà náà, gbé ọwọ́ lé e lórí láàárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó tàn án. Tó bá gbóná, ó ń jẹ kúràn mọ́jú nìyẹn. Télé tuntun tó wà ní veille, ìyẹn tí ẹ fi télékọmáǹdì pa tí ẹ ò yọ prise ẹ̀, kékeré ló ń jẹ, ìdajì wátì ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù fàyè gbà fún irú wọn tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n dékódà lè máa jẹ bíi wátì mẹ́wàá ní gbogbo òru. Wátì mẹ́wàá tọ̀sán-tòru fún odidi oṣù, 7.2 kWh ni, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún fránkì kan. Ra rallonge tó ní bọ́tìnnì, kó o máa fi pa méjèèjì pọ̀ tí ẹ bá fẹ́ sùn. Lórí télé gan-an, tó o bá rí démarrage rapide, èyí tó ń jẹ́ kó tètè tàn, nínú mẹ́nù, pa á.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi fẹ́ kó o dín iná ẹ̀yìn kù, kò sì kan owó SBEE. Nínú télé LED tí wọ́n ń gbé wá bá mi, àìsàn tó pọ̀ jù ni pé ohùn á máa jáde, ojú á ṣókùnkùn. Tó o bá tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹ̀ wàá rí àwòrán tó ń rìn nínú òkùnkùn. Bàrẹ́tì LED ló jó. Ooru ló ń pa á, ẹni tó bá sì ń fi iná ẹ̀yìn sí 100 láti àárọ̀ di alẹ́, nínú ooru tiwa yìí, tó tún gbé télé mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí atẹ́gùn ò dé, ó ń pè é wá sọ́dọ̀ mi ni. Láti tú ojú télé 55 kí n tó dé ìdí bàrẹ́tì yẹn, èèyàn méjì ló máa gbé e, ojú ẹ̀ sì lè fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, tó bá ti fọ́, ó ti tán. Èyí tó wà ní 40 máa ń pẹ́ lọ dáadáa.

Àwọn kan á ní kó o lọ ra régílátọ̀. Wo ẹ̀yìn télé kọ́kọ́, tí wọ́n bá kọ 100-240V síbẹ̀, iná tó bá lọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ò ní ṣe é ní nǹkan kan, á kàn fa kúràn sí i díẹ̀ láti dí i, régílátọ̀ fúnra ẹ̀ sì ń jẹ kúràn ó sì ń gbóná. Ohun tí mo bẹ̀rù fún un ni kúràn tó bá lọ tó wá padà dé pẹ̀lú agbára, àti àrá. Ra prise tó ní parafoudre, ìyẹn ohun tó ń dènà àrá, tí òjò bá sì ti ṣú, yọ prise, yọ wáyà àǹtẹ́nà náà, torí àrá ń gba ojú àǹtẹ́nà wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ń yọ ọ̀kan wọ́n sì ń gbàgbé èkejì.

Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìdí láti dá a padà, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rírà òmíràn, àmọ́ wọ́n á gbà ẹ́ nímọ̀ràn, torí náà mọ èyí. QLED kì í ṣe nǹkan mìíràn ju LED tó ní iná ẹ̀yìn bíi tìẹ lọ, àwọ̀ ẹ̀ ló dáa sí i. OLED ló yàtọ̀, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń tàn fúnra ẹ̀, tó bá dúdú ó kú pátápátá, òun ni mo fẹ́ràn jù lójú, ṣùgbọ́n ilé tó bá ń fi ìkànnì kan ṣoṣo sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, àmì ìkànnì yẹn lè jó mọ́ ojú ẹ̀ láéláé. Plasma, àwọn àlòkù France au revoir tó wúwo tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, àwòrán ẹ̀ dáa lóòótọ́, àmọ́ òmíràn ń jẹ wátì 200 sí 300, Panasonic dáwọ́ ẹ̀ dúró lọ́dún 2013, Samsung àti LG ní 2014, ara ẹ̀ ò sí láti rà mọ́, má rà á. Lára páálí àwọn tó bá ti Yúróòpù dé, wàá rí àmì A dé G, tí wọ́n tún tò láti oṣù kẹta 2021, nọ́ḿbà tí wọ́n kọ kWh/1000h tẹ̀ lé yẹn ni kó o wò, tó bá jẹ́ 84, wátì 84 ni télé yẹn ń jẹ, bó ṣe rí náà nìyẹn, kò nílò ìṣirò.

Tó ò bá ní wátímẹ́tà, kọ́ńtọ̀ ẹ lè bá ẹ ṣe é. Lójú ẹ̀, iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú, wọ́n kọ nọ́ḿbà kan tí imp/kWh tẹ̀ lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó lè jẹ́ 1000, ó lè jẹ́ 1600. Pa gbogbo nǹkan nílé, fíríjì, fáànù, gílóòbù, gbogbo ẹ̀, kó ku télé àti dékódà nìkan. Tẹ aago fóònù ẹ nígbà tó bá ṣẹ́jú, jẹ́ kó ṣẹ́jú nígbà mẹ́wàá míì, kó o dá aago dúró. Tó bá jẹ́ 1000, fi iye sẹ́kọ́ńdì tó o rí pín 36,000, tó bá jẹ́ 1600, fi í pín 22,500, ohun tó bá jáde ni wátì. Bí àpẹẹrẹ, lórí kọ́ńtọ̀ 1000, tó bá gbà á ní sẹ́kọ́ńdì 240, wátì 150 nìyẹn, télé àti dékódà pọ̀ nínú Dynamique. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó o tó fọwọ́ kan mẹ́nù, kó o tún un ṣe lẹ́yìn tí ìwọ àti Bàbá bá ti tò ó tán, jẹ́ kí ìyàwó ẹ náà dúró tì ẹ́ kó fojú ara ẹ̀ rí i. Kọ nọ́ḿbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, kó o kọ orúkọ télé náà àti nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́ ọn, tí èkejì ò bá wá sílẹ̀ sún mọ́ 90, mode magasin yẹn ò tíì kúrò, màá wá sọ bọ́tìnnì tó o máa tẹ̀ fún ẹ. Bá mi kí Bàbá.